Kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1997 lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní: ṣé kí n fà á, kí n gé e, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

AyọEdit (Ìbàdàn) | Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Obìnrin kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kó kásẹ́ẹ̀tì VHS mẹ́ta fún mi. Ìsìnkú bàbá àgbà rẹ̀ ni, ọdún 1997, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á sì gbé fídíò náà sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá nínú gbọ̀ngàn. Mo ti gba kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sórí kọ̀ǹpútà, 720×576 (iye ẹyọ tíńtìntín tó para pọ̀ di àwòrán, fífẹ̀ sí gíga), ó mọ́ níwọ̀n bí VHS ṣe lè mọ́. Ohun kan ṣoṣo lobìnrin yìí tẹnu mọ́: "Mi ò fẹ́ rí dúdú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ o. Kó kún tẹlifíṣọ̀n."

Fídíò àtijọ́ ò fẹ̀ tó tẹlifíṣọ̀n òde òní, ìdí nìyẹn tí àyè dúdú fi ń ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bá fà á. Mo mú etí rẹ̀ méjèèjì, mo fà á títí ó fi kún 1920×1080. Mo fi ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò pẹ́ rárá tó fi pè mí: "Bọ̀dá, kí lẹ ṣe fún màmá mi? Màmá mi ò sanra báyìí rí láyé wọn."

Ó dáa. Mo pa ìyẹn tì. Mo wá gbé e tóbi lódindi, kí òkè àti ìsàlẹ̀ yọ kúrò lójú. Dúdú lọ lóòótọ́, àmọ́ gèlè màmá bá a lọ. Níbi tí wọ́n ti ń jó tẹ̀lé àwọn onílù, gèlè ò sí, bàtà ò sí. Ńṣe ló dà bíi pé èèyàn ń yọjú wo òde láti ojú fèrèsé.

Kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣèlérí fún un.

ShakaCuts (Ìkòròdú) | Ajé, 8:52 àárọ̀

Wàhálà wo ló wà níbẹ̀? Má fà á tán ni. Fà á díẹ̀, gé ìyókù. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó pè mí padà rí.

Alágbà Timeline (Abẹ́òkúta) | Ajé, 9:30 àárọ̀

> Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Shaka, wọ́n á mọ̀. Wọ́n lè má mọ orúkọ ohun tó ṣe é, àmọ́ ojú wọn á sọ fún wọn pé nǹkan kan wọ́. Ojú bẹ̀m̀bẹ́ tó rí roboto á dà bí ẹyin. Ti ìsìnkú ló sì burú jù: òkú tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì á gùn sí i, àwọn tó dúró tì í á kúrú, wọ́n á sì fẹ̀. Àwọn tó mọ bàbá yẹn lójú ayé máa wà nínú gbọ̀ngàn yẹn o.

Ayọ̀, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fídíò rẹ jẹ́ 4:3 (fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta). Tó o bá gbé e dé gíga 1080, fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ 1440. Tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ tó 1920. Ó ṣẹ́ ku 480: 240 lápá ọ̀tún, 240 lápá òsì. Dúdú tí oníbàárà rẹ ò fẹ́ rí nìyẹn. Tó o bá fẹ́ kó kún láìfà á, o ní láti gbé 1440 yẹn dé 1920, gíga náà á sì tẹ̀lé e, á di 1440. Tẹlifíṣọ̀n ò gbà ju 1080 lọ, torí náà 360 gbọ́dọ̀ lọ: 180 lókè, 180 nísàlẹ̀. O pín àwòrán sí mẹ́rin, o da ẹyọ kan nù nìyẹn. Nínú ìlà 576 tí kásẹ́ẹ̀tì fún ẹ, 432 péré ló kù, o ó wá na 432 yẹn débi 1080. VHS tí kò mú tẹ́lẹ̀!

Tó bá jẹ́ Premiere (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàtúnṣe fídíò) lò ń lò, 187.5% ni Scale (ìwọ̀n títóbi) tí gíga á fi kún, 250% ni fífẹ̀ á fi kún. Má tẹ Scale to Frame Size o. Set to Frame Size ni kó o tẹ̀. Ti àkọ́kọ́ á ti kọ́kọ́ tún fídíò náà ṣe sí ìwọ̀n timeline (ibi tí a ti ń to fídíò), bó o bá tún wá gbé e tóbi lẹ́yìn ìyẹn, orí àtúnṣe lo tún ń ṣàtúnṣe sí.

Àmọ́ kí la rí nínú fídíò yìí gan-an? Sọ fún wa ká tó lọ síwájú.

AyọEdit (Ìbàdàn) | Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, sà. Premiere ni. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: àìsùn, àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ kánọ́pì, iná jẹnẹrétọ̀ ń ṣẹ́jú. Ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀. Ibojì. Lẹ́yìn náà òde ijó, ìyẹn sì gùn, ó tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ibi òde ijó yìí ni gbogbo wàhálà wà. Gèlè màmá rẹ̀ kan òkè fídíò, bàtà wọn kan ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n tún kọ nǹkan sí, lẹ́tà aláwọ̀ yẹ́lò: ÀWỌN ỌMỌ OLÓÒGBÉ. Bí mo bá gé e, ìdajì lẹ́tà ló ń kù.

Àǹtí Kámẹ́rà (Òṣogbo) | Ajé, 11:20 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí èmi wà lára àwọn tó ya irú fídíò wọ̀nyẹn. 1994 ni mo bẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà gbéléjìká tó ń gbé odidi kásẹ́ẹ̀tì VHS mì. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé bí mo bá gé gèlè ẹnikẹ́ni, kí n má retí owó iṣẹ́. Ẹ̀yìn la máa ń rìn sí. A ó máa rìn sẹ́yìn títí gèlè àti bàtà á fi wọlé pọ̀, a ó tún fi àyè díẹ̀ lé e, torí tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn máa ń jẹ etí àwòrán. Bí ẹ̀yìn bá kan ògiri tàbí kan ìkòkò aṣè, a ó dúró. Òkè àti ìsàlẹ̀ tí ẹ fẹ́ gé dànù yẹn, àmọ̀ọ́mọ̀ la fi síbẹ̀.

Ayọ̀, má fi gígé kan ṣoṣo ṣe odidi kásẹ́ẹ̀tì. Wo shot (ibi tí kámẹ́rà yà láìdáwọ́ dúró) kọ̀ọ̀kan. Gé timeline sí wẹ́wẹ́, kó o máa gbé Position (ibi tí àwòrán dúró sí) sókè sísàlẹ̀. Ẹni tó jókòó tí kámẹ́rà sún mọ́, fi orí sílẹ̀, gé ìsàlẹ̀. Tábìlì àti ìgò mínírà ló máa lọ, kò sẹ́ni tó máa sunkún wọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, òrùlé ló pọ̀ lókè, gé e. Ibojì, ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, òkè ni kó o gé. Ijó ni kó o má fọwọ́ kàn. Bí kámẹ́rà bá gbéra láti ẹsẹ̀ lọ sórí, fi keyframe (àmì ibi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí) méjì tẹ̀lé e, jẹ́ẹ́jẹ́, kó má máa mì bí ẹni tó mu ẹmu.

Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Fídíò ìgbéyàwó kan wà tí mo fi sí àárín gbùngbùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo ní kó máa render, mo lọ sùn. Nígbà tí a jọ jókòó wò ó, ìyàwó dúró, ó ń dijú, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sídìí kankan tó fi ń rẹ́rìn-ín. Owó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Mo ti gé ọwọ́, mo ti gé owó. Bàbá ìyàwó ló ni ọwọ́ ọ̀hún. Mo dá owó wọn padà.

AyọEdit (Ìbàdàn) | Ajé, 11:41 àárọ̀

Áà, Àǹtí! Ẹ kú ìfaradà, mà. Shot kọ̀ọ̀kan nínú wákàtí mẹ́rin ààbọ̀...

Àǹtí Kámẹ́rà (Òṣogbo) | Ajé, 11:44 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Fi kún owó ẹ. Ṣé o ò tíì gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wọn?

Fíìmù Lásán (Lọ́ńdọ̀nù) | Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ò bá yín lọ síbi gígé yìí rárá. Dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣe àbùkù, bí wọ́n ṣe ya fídíò náà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ní fọ́tò bàbá rẹ̀, tó wá ra férémù tó fẹ̀ jù fún un, ṣé orí bàbá ló máa gé?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti fẹsẹ̀ kọ níbẹ̀. Nígbà tí Disney+ (ìkànnì tí wọ́n ti ń sanwó wo fíìmù) bẹ̀rẹ̀ lóṣù kọkànlá 2019, wọ́n gé àwọn apá àtijọ́ The Simpsons, eré àwòrán ẹlẹ́fẹ̀ ti Amẹ́ríkà, sí 16:9, ìyẹn ìrísí tẹlifíṣọ̀n òde òní. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti lọ wo ilé-iṣẹ́ ọtí. Àgbá mẹ́ta, orúkọ ọtí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ páìpù kan ṣoṣo lókè ló ń pọn ọtí kan náà sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gé òkè, páìpù lọ, ẹ̀fẹ̀ bá a lọ. Àwọn òǹwòran pariwo, nígbà tó di 2020 wọ́n jẹ́ kí ẹni tó bá wù lè wò ó ní 4:3.

Ayọ̀, pe obìnrin yẹn. Fi méjèèjì hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó ní dúdú tí gèlè pé, èyí tó kún tí gèlè ti lọ. Mo gbà pé á yí ọkàn padà.

ShakaCuts (Ìkòròdú) | Ajé, 1:22 ọ̀sán

Oníbàárà sọ pé òun ò fẹ́ dúdú, ẹ ní kó lọ fi dúdú hàn án. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù yìí ò mọ bí ọjà ṣe rí nílé.

Ẹ gbọ́, AI ti wà báyìí tó máa ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fún un. Fún un ní 4:3, á fi ọ̀tún àti òsì kún un bí ẹni pé kámẹ́rà ló yà á. Ọ̀rọ̀ tán.

Alágbà Timeline (Abẹ́òkúta) | Ajé, 2:10 ọ̀sán

Shaka, o máa dá ìjà sílẹ̀. Tí AI bá ya èèyàn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ olóògbé, pẹ̀lú aṣọ ẹbí lọ́rùn, ta ni wọ́n máa ní ẹni yẹn jẹ́? Ọmọ àlè bàbá ni àbí ìyàwó kékeré tí wọn ò mọ̀? Nínú ẹbí tí wọ́n ń pín ilẹ̀ lọ́wọ́? Ẹjọ́ ogún lo fẹ́ fi fídíò ṣe.

Ọ̀rọ̀ Fíìmù Lásán, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń sanwó fèrè ló ń pe orin. Mo tún fẹ́ fi ohun kan kún un, torí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí pé kí ló dé tí Friends (eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà àwọn ọdún 1990) fi kún tẹlifíṣọ̀n báyìí tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ dà bíi pé wọ́n gé e. Fíìmù 35mm ni wọ́n fi yà á. Àwòrán tó wà lórí nẹ́gátíìfù fẹ̀ ju èyí tí tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn fi hàn. Wọ́n padà sídìí nẹ́gátíìfù, wọ́n rí ẹ̀gbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ò fi ẹ̀gbẹ́ kankan pamọ́. Ohun tó o rí yẹn ni gbogbo ohun tó ní.

Ọ̀nà àárín kan wà. Lópin àwọn ọdún 1990, nígbà tí BBC ń ṣí kúrò ní 4:3 bọ́ sí 16:9, 14:9 ni wọ́n fi ń bá àwọn méjèèjì làjà. Fún tìrẹ, fífẹ̀ á jẹ́ 1680, dúdú 120 péré ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí o ó sì gé kò ju 90 lókè, 90 nísàlẹ̀. Scale 218.75%. Ọ̀pọ̀ gèlè á yè é.

Rẹ̀mí Aṣọ-Òfì (Ìsẹ́yìn) | Ajé, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ta ló ní dúdú ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀? Mo ti ṣe irú ẹ̀ fún ẹbí méjì. Mo ní kí wọ́n wá aṣọ ẹbí ọjọ́ náà jáde látinú àpótí, mo ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa lójú oòrùn, mo wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn fídíò. Fídíò wà láàárín, aṣọ wà lápá ọ̀tún àti òsì, bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ sára ògiri. Wọ́n wò ó, wọ́n ń ké pé "aṣọ wa ọjọ́sí rèé!" Kò sẹ́ni tó rántí bèèrè pé kí ló dé tí fídíò ò kún.

Ohun tó yẹ kó o ṣọ́: aṣọ yẹn ò gbọdọ̀ tàn ju fídíò lọ. VHS á ti ṣá, fọ́tò tó o fi fóònù yà á máa pọ́n yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀, ojú á sì kúrò lára èèyàn, á máa lọ sára aṣọ. Dín àwọ̀ rẹ̀ kù, jẹ́ kó ṣókùnkùn, fi blur (kó má hàn kedere) díẹ̀ sí i. Tí damask bá ń dán, má lò ó, àdìrẹ tàbí òfì ló dára jù.

ShakaCuts (Ìkòròdú) | Ajé, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Blur náà tó. Kó ṣe ẹ̀dà fídíò náà, kó gbé e tóbi sẹ́yìn, kó fi blur pa á. Gbogbo ilé tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Rẹ̀mí Aṣọ-Òfì (Ìsẹ́yìn) | Ajé, 4:58 ìrọ̀lẹ́

Ó tó fún ìṣẹ́jú kan nínú ìròyìn. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ijó, tí nǹkan kan ń fò kiri lẹ́yìn bí ẹ̀mí àìrí? Orí á fọ́ wọn.

Tẹ́pù Àtijọ́ (Èkó) | Ajé, 9:05 alẹ́

Gbogbo yín ń yan aṣọ fún ọmọ, ẹ ò tíì wẹ̀ ẹ́.

Ayọ̀, kó o tó gé, kó o tó fi aṣọ tẹ́ ẹ, ṣé o ti deinterlace, ìyẹn ni pé ṣé o ti tú àwọn ìlà rẹ̀ palẹ̀? PAL (ìlànà fídíò tí wọ́n ń lò nílé) ni kásẹ́ẹ̀tì tiwa, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì méjì tí wọ́n hun pọ̀ bí òfì. Ìlà 1, 3, 5 wá lẹ́ẹ̀kan. Ìlà 2, 4, 6 tẹ̀lé e lẹ́yìn ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, kò sí nǹkan kan. Ẹni tó ń jó ti kúrò níbi tó wà kí ìdajì kejì tó dé. Ìdí nìyẹn tí etí apá rẹ̀ fi máa ń ya bí eyín òòyà. Bó o bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tóbi kó o tó tú u palẹ̀, eyín òòyà yẹn á tóbi pẹ̀lú, kò sì sí oògùn rẹ̀ mọ́.

Tú u sí 50, má tú u sí 25. Tó o bá tú u sí 25, o ti sọ ìdajì ijó nù, ẹsẹ̀ ò ní máa yọ̀ geere mọ́.

Wo bóyá ìdajì òkè ló ṣíwájú tàbí ti ìsàlẹ̀. DV (oríṣi fídíò kọ̀ǹpútà kan) tó gba okùn FireWire wọlé, ti ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣíwájú. Àwọn ẹ̀rọ kékeré onídìí USB, ti òkè ló sábà máa ń jẹ́. Bó o bá ṣì í mú, lọ síbi ijó, máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: wàá rí i tí ọwọ́ wọn á lọ síwájú, á padà sẹ́yìn, á tún lọ síwájú. Yí i padà.

Nǹkan méjì kù. Nínú 720 yẹn, nǹkan bí 8 lápá kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àwòrán, ìlà dúdú lásán ni, gé e kúrò. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìṣirò Alágbà ò fi ní bá tìẹ mu géérégé nínú Premiere: wàá rí 1477 níbi tó o ti ń retí 1440. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ìlà bíi mélòó kan á máa wọ́ bí aṣọ tó fàya. Orí fídíò tó ń yí nínú ẹ̀rọ VHS ló fà á. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni a ò ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Fi nǹkan bò ó.

Yàtọ̀ sí bíbo ìsàlẹ̀, èmi máa ń fi ffmpeg (ètò kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń kọ àṣẹ fún) ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n tó gbé e dé Premiere:

`ffmpeg -i kaseti1.avi -vf "bwdif=mode=send_field:parity=tff,crop=704:576:8:0,scale=1440:1080:flags=lanczos,setsar=1" -c:v prores_ks -profile:v 3 -c:a pcm_s16le kaseti1.mov`

Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ló ṣíwájú, fi bff rọ́pò tff. Fáìlì á tóbi o, ní àyè lórí hard drive.

AyọEdit (Ìbàdàn) | Ajé, 9:40 alẹ́

Bọ̀dá Tẹ́pù, ọ̀rọ̀ eyín òòyà yẹn ti ń dà mí láàmú tipẹ́, mo rò pé kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́! Mo ti ń tú u báyìí. NEPA kàn ni kó má mú iná lọ.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston | Ìṣẹ́gun, 3:12 òru

Ẹ kú àárọ̀ níbẹ̀ yẹn, alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀wọ́, èmi ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yà níbí ní 1995 àti èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, mo fẹ́ pa wọ́n pọ̀ fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún màmá mi. Ti ibí jẹ́ 720×480. Ti ilé ò tiẹ̀ ṣí nínú VCR mi, àfi ariwo àti ìlà.

Tẹ́pù Àtijọ́ (Èkó) | Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

NTSC (ìlànà fídíò ti Amẹ́ríkà) ni tiyín, àwòrán 29.97 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ilé jẹ́ PAL. Wá VCR tó ń gba méjèèjì, tàbí kó o fún ẹni tó ní i. Tú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ti ilé á di 50, tiyín á di 59.94. Má dà wọ́n sórí timeline kan náà láìtú wọn. Èyí tó bá pọ̀ jù ni kó o fi ìwọ̀n timeline ṣe, kó o wá fi Optical Flow (èyí tó ń fojú bu àwòrán tuntun sáàárín àwọn tó wà) mú èyí tó kéré bá a mu, kó o sì wo ibi ijó dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń tú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn ká. Tó bá tú wọn ká, fi Frame Sampling (èyí tó kàn ń tún àwòrán tó wà lò tàbí fo òmíràn) síbẹ̀ nìkan. Gíga tìrẹ, 225% ló máa gbé e dé 1080.

ShakaCuts (Ìkòròdú) | Ìṣẹ́gun, 8:01 àárọ̀

Mo mọ̀ pé ẹ máa bá mi jà, àmọ́ AI fún mímú kó mọ́ ńkọ́? Kì í ṣe èyí tó ń ya ẹ̀gbẹ́. Èyí tó ń mú VHS dà bíi HD.

Àǹtí Kámẹ́rà (Òṣogbo) | Ìṣẹ́gun, 8:47 àárọ̀

Lò ó fún ilé, fún igi, fún mọ́tò. Tó bá kan ojú, ṣọ́ra. Ẹnì kan fi ti bàbá rẹ̀ hàn mí, ọmọ Ọ̀yọ́, ó kọ gọ̀m̀bọ́ tó hàn ketekete. Fídíò yẹn ti ṣá, ìlà náà ti dà bí òjìji lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn. Ẹ̀rọ yẹn rò pé ìdọ̀tí orí kásẹ́ẹ̀tì ni. Ó nù ún. Bàbá jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán bíi ti ọmọ ọdún méjìlá, kò sí ìlà kan ṣoṣo. Ọmọ wọn wò ó títí, ó ní, "Ta rèé?"

ShakaCuts (Ìkòròdú) | Ìṣẹ́gun, 8:50 àárọ̀

Ó dáa, èyí mo gbà. 😂

AyọEdit (Ìbàdàn) | Ẹtì, 7:25 alẹ́

Mo ti fi kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ, torí ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Mo tú u sí 50 bí Bọ̀dá Tẹ́pù ṣe wí. Ti ìsàlẹ̀ ló ṣíwájú níbi tèmi, àṣé ẹ̀rọ USB mi yàtọ̀. Ọwọ́ ayan bẹ̀m̀bẹ́ ni mo fi mọ̀, ó ń lu síwájú-sẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ibojì, mo gé wọn kún pátápátá, shot kọ̀ọ̀kan, bí Àǹtí ṣe kọ́ mi. Àìsùn, mo fi sí 14:9. Òde ijó, mi ò gé nǹkan kan. 4:3 gbáko, gèlè dé bàtà, lẹ́tà yẹ́lò pé. Mo bi obìnrin náà nípa aṣọ ẹbí. Àbúrò màmá rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ní ìró kan tó kù, àdìrẹ, wọ́n yà á fún mi lórí okùn ìsáṣọ. Mo dín àwọ̀ rẹ̀ kù gidigidi, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo sì tẹ́ òun náà sí ibi 14:9. Ìyàtọ̀ láti ibi kan sí èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, torí mo máa ń jẹ́ kó yí padà níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí, kì í ṣe láàárín orin.

Ó pè mí lọ́sàn-án yìí. Mo ti ń gbára dì fún ọ̀rọ̀ dúdú. Kò sọ ọ́ rárá. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ lọ sí ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ẹ dá a dúró." Mo dá a dúró. Màmá rẹ̀ ń jó, gbogbo wọn ń jó. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní igun òsì, ọmọ kékeré kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbà, ó di ìgò Fanta mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wo kámẹ́rà. "Èmi nìyẹn," ló wí. Ó ní àwọn ti wo kásẹ́ẹ̀tì yẹn nílé láìmọye ìgbà, òun ò rí ara òun níbẹ̀ rí. Tẹlifíṣọ̀n wọn ayé ìgbà yẹn ti jẹ igun yẹn. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé fún un náà ti gé e.

Ó ti san ìyókù owó. Ó ku kásẹ́ẹ̀tì méjì. Mo ṣí ìkejì lálẹ́ àná, mo rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun létí téèpù nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣé kí n kàn fi sínú ẹ̀rọ ni?

Tẹ́pù Àtijọ́ (Èkó) | Ẹtì, 7:31 alẹ́

RÁRÁ O! Èbu nìyẹn. Ó máa ba orí VCR rẹ jẹ́, VCR yẹn á sì fi ran kásẹ́ẹ̀tì kẹta. Fi sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, má fi ọwọ́ kàn án. Ṣí ìjíròrò tuntun fún un, mo ń bọ̀ níbẹ̀.